Mi Ò Gbọ́ Kókó Kejì Rí

Ọkọ mi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn, nítorí òun ló sún mọ́ mi jù. Ọkùnrin náà kì í sùn bí ẹlòmíì ṣe ń sùn. Ńṣe ló ń já sínú oorun bí ọsàn ṣe ń já lára igi. Bí orí rẹ̀ bá ti kan ìrọ̀rí, ó parí. Mo ti bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan rí lórí ibùsùn, ó ní "Bẹ́ẹ̀…", ìhanrun ló fi parí èyí tó kù. Èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Oúnjẹ kan náà la jọ jẹ, ibùsùn kan náà la jọ dùbúlẹ̀ sí, fáànù kan náà ló ń fẹ́ sí wa lára. Síbẹ̀, ojú tèmi á là sílẹ̀ kedere bí ojú ẹja inú fìríìsà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí ara mi ò gbà á mọ́, mo fi ìgúnpá jí i.

"Dádì, mi ò rí oorun sùn."

"Dijú."

"Mo ti dijú."

"Tún un dì."

Ló bá padà sẹ́nu ìhanrun rẹ̀. Mo kàwé gboyè ní yunifásítì, mo mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìmọ̀ràn àti ìwọ̀sí. Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ sínú, mo ní ọjọ́ ẹ̀san ń bọ̀.

Oorun fúnra rẹ̀ ló kàn. Ká ní oorun ò mọ̀ mí rí ni, ǹ bá gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ mí dáadáa! Orí ibùsùn nìkan ni kì í ti í kí mi. Tí ọ̀gá wa ní Sẹkitéríàtì bá ń bá wa ṣèpàdé, á wá bá mi níbẹ̀. Tí mo bá jókòó síbi tí wọ́n ti ń dirun fún mi, á wá. Lọ́jọ́ kan mo wọ máíkírà ní Bódìjà, Ojoo tí kò jìnnà rárá ni mò ń lọ. Èmi àti obìnrin kan la jọ fún pọ̀ sí ìjókòó iwájú, jíà ọkọ̀ ń gún mi lórúnkún. Kò sí ìjókòó tó burú ju ìyẹn lọ ní gbogbo Ìbàdàn. Ibẹ̀ gan-an ni oorun ti gbé mi. Ohùn awakọ̀ ni mo gbọ́:

"Mọ́mì, a ti dé òpin o."

"Ojoo nìyí?"

"Mọ́níyà nìyí. Ojoo ti wà lẹ́yìn tipẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò jí mi?"

"Ẹ̀rín lẹ̀ ń rín lójú oorun, Mọ́mì. Gbogbo wa nínú ọkọ̀ ní ká má bà á jẹ́."

Inú bí mi débi pé mi ò rántí dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé mi padà, mò ń rò ó lọ́kàn pé ṣé kí n sì bẹ ọkùnrin yìí kó máa gbé mi yípo ìlú.

Ẹ má jẹ́ kí n gbàgbé àwọn olùmọ̀ràn. Ìyá ọkọ mi ti Èkìtì wá, wọ́n ní kí n máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ kí n tó sùn. Mo wẹ̀, mo mọ́, mi ò sùn. Aládùúgbò wa ní kí n má mu tíì lálẹ́, kí n má sì gbé fóònù wọ yàrá. Mo fi fóònù sílẹ̀ sí pálọ̀, mo dùbúlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro gbogbo ohun tí àwọn èèyàn á máa sọ lórí Wásáàpù lẹ́yìn mi. Ẹnìkan níbi iṣẹ́, tó ti gbé òkè òkun rí, ní kí n dijú kí n máa ka àgùntàn tó ń fo ọgbà. Àgùntàn! Àgùntàn tí mo mọ̀ ní Bódìjà kì í fo ọgbà. Ẹnu géètì tí wọ́n bá gbàgbé sílẹ̀ ló ń gbà wọlé. Bí mo ṣe dijú tí ẹyọ kan yọ sí mi báyìí, mo dá a mọ̀: ti ará ẹ̀yìnkùlé ni, èyí tó jẹ òdòdó tí mo fọwọ́ ara mi gbìn. Mo dìde jókòó, mo ń to ẹjọ́ tí n óò bá ẹni tó ni ín rò. Ilẹ̀ mọ́ kí ẹjọ́ tó tán.

Gbogbo èyí ì bá jẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́ òrùlé, bí kì í bá ṣe ti àga akọrin. Sópúránò ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí à ń lọ, ẹni tó sì ya àwòrán ilé yẹn ṣẹ̀ mí. Iwájú ló to àga akọrin sí, ó dojú wa kọ ìjọ bí ẹni pàtẹ ọjà. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn òpó lè sùn títí kó fi lálàá, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n tí akọrin bá tòògbé, àtọmọdé àtàgbà ló ń wò ó. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí Bàbá Àlùfáà ń wàásù, ìwé orin bọ́ lọ́wọ́ mi, ó balẹ̀ gbàà. Mo ta jí, mo sì kígbe "Àmín!" Ìtàn ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé ni Bàbá ń sọ lọ́wọ́.

Ọ̀gá akọrin wa, bàbá kan tí ojú wọn máa ń pọ́n nígbà gbogbo, tí kò sì sẹ́ni tó jẹ́ bi wọ́n pé kí ló fà á, pè mí síwájú ẹgbẹ́ níbi ìdánrawò.

"Kí ni Bàbá Àlùfáà wàásù lé lórí?"

"Ìfẹ́ Ọlọ́run, sà."

"Ìyẹn ni wọ́n ń wàásù lé lórí lójoojúmọ́. Kókó mẹ́ta ni wọ́n fà yọ. Kà wọ́n."

Mo ṣí ìwé orin bí ẹni pé wọ́n wà níbẹ̀. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ àwọn báàsì. Mo mọ ẹni náà.

"Ó dáa. Ìkórè ń bọ̀. Ìwọ ni mo fún ní àdákọ inú áńtẹ́mù, ẹ̀yìn ìwàásù gan-an la sì máa kọ ọ́. Bí o bá tún sùn lórí àga yìí kí a tó kọ ọ́, o ti pàdánù rẹ̀." Wọ́n nàka sí ẹni tó jókòó tì mí. "Arábìnrin yìí ló máa kọ ọ́."

Kí ẹ lè mọ bí ọgbẹ́ yẹn ṣe jìn tó: láti ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì ni mo ti ń kọrin lẹ́yìn ẹlòmíì. Mo dúró títí ìyá àgbà tó ń dá orin kọ tẹ́lẹ̀ fi sọ fúnra wọn pé ohùn ti rẹ àwọn. Ìyá mi ti ní àwọn ń bọ̀ láti Òṣogbo wá gbọ́ mi, wọ́n sì ti ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ wọn. Ta wá ni wọ́n fẹ́ gbé àdákọ mi fún? Nọ́ọ̀sì! Ẹni tó máa ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ tààrà sí ìsìn, tí ojú rẹ̀ á máa dán bíi dígí. Ẹni tí kò fara kan ibùsùn rárá ò tòògbé, èmi tí mo ti wà lórí tèmi láti alẹ́ ni mò ń ju ìwé orin sílẹ̀. Ìdájọ́ òdodo dà? Ó tún wá rọra sọ fún mi létí pé:

"Ẹ má bínú o, ẹ̀gbọ́n. Mo kàn ti mọ̀ ọ́n kọ ni, tó bá di pé…"

"Kò ní di pé."

Àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀ṣì máa ń fi ohùn ìwàásù ránṣẹ́ sórí Wásáàpù ìjọ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fi ìbínú gbé fóònù mi padà wọ yàrá. Mo ní mo máa mọ kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo máa kọ wọ́n, mo sì máa fi lé ọ̀gá akọrin lọ́wọ́. Mo dùbúlẹ̀, mo ki íápíìsì bọ etí, mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn Bàbá Àlùfáà jáde, ó ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí òjò àfẹ̀mọ́jú tí kò ní ibi tó ń kánjú lọ: "Ẹ̀yin ará nínú Olúwa… kókó mẹ́ta ni mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò… Èkínní…"

Nígbà tí mo máa lajú, oòrùn ti yọ. Ọkọ mi ti wọṣọ, ó dúró lé mi lórí.

"Mọ́mì, ṣé ara rẹ dá? O hanrun mọ́jú."

"Èmi?"

"Bí ẹ̀rọ ìlọta."

Ẹ̀yin èèyàn, mo fò sókè, mo dì mọ́ ọn! Mo jó dé ilé ìdáná. Láti ọjọ́ náà lọ, bó bá ti di alẹ́, mo tún máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí mo ṣì nílò kókó mẹ́ta. Mi ò kọjá "Èkínní" rí. Mo dán ìwàásù àwọn ẹlòmíì wò, ojú mi tún là; ti Bàbá Àlùfáà nìkan ló ń jẹ́ mi. Kí n má bàa sùn kọjá àkókò, mo gba ohùn dùùrù tó ń ṣíwájú áńtẹ́mù wa sílẹ̀, mo sì fi ṣe aago tí ń jí mi. Dùùrù á ké, mo ti dìde dúró, mo ti ń kọ àdákọ mi nínú aṣọ oorun. Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Níbi iṣẹ́, wọ́n ń bi mí pé ìpara wo ni mò ń lò.

Ihò etí ń dùn mí, mo bá yọ íápíìsì, mo gbé fóònù sáàárín wa kó máa sọ̀rọ̀ síta. Ibẹ̀ ni ọjọ́ ẹ̀san dé.

"Mọ́mì, ṣé a tún máa gbọ́ ọ lónìí? Mo ti mọ kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí."

"Ẹ má kà wọ́n fún mi o!" Mo di etí.

"Mi ò rí oorun sùn mọ́."

"Ẹ dijú."

"Mo ti dijú."

"Ẹ tún un dì."

Kò sí oyin tó dùn tó gbólóhùn yẹn lẹ́nu mi.

Bàbá Àlùfáà gba ìsinmi láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, àwọn mìíràn ló ń wàásù, èmi sì ń la ojú sílẹ̀ lórí àga akọrin bí ọmọ tuntun. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú ara rẹ̀. Ìkórè dé. Iṣu, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún iwájú pẹpẹ. Ìyá mi jókòó síwájú pátápátá. Bàbá Àlùfáà náà ti dé, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́n ń kí àwọn èèyàn, ọkọ mi tí kò tí ì rí oorun sùn sì lọ sọ fún wọn létí pé: "Bàbá, kò sí alẹ́ kan tí ìyàwó mi kì í gbọ́ ìwàásù yín." Òótọ́ ni. Ẹni tó bá fi òótọ́ ṣe ẹni níbi, irú ẹjọ́ wo lèèyàn fẹ́ bá a rò?

Bàbá Àlùfáà gun àga ìwàásù. "Ẹ̀yin ará nínú Olúwa… kókó mẹ́ta ni mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò… Èkínní…"

Èyí tó kù, ẹ̀rí fídíò tí àwọn ẹlẹ́rọ ká ni mo fi ń sọ ọ́, mo sì ti wò ó ní àwòtúnwò. Orí mi gbéra, ó rọra yẹ̀, ó balẹ̀ sí èjìká nọ́ọ̀sì. Ẹnu mi là. Bàbá Àlùfáà parí kókó kìíní, wọ́n ní: "Kí n tó bọ́ sí èkejì, mo fẹ́ yin arábìnrin kan nínú àwọn akọrin wa, tí kì í sùn láìgbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run." Wọ́n na ọwọ́ sí mi. Gbogbo ìjọ yíjú. Ìyá mi, tó ti ń mi orí pẹ̀lú ayọ̀, gbé abẹ̀bẹ̀ bojú. Bàbá Àlùfáà wò mí títí.

"Ẹ wò ó," ni wọ́n wí, "ó ń ṣàṣàrò."

Ẹ̀rín bú! Ẹ̀rín yẹn kò jí mi. Ìwàásù ń bá a lọ títí ó fi parí, kò jí mi. Ọ̀gá akọrin fi ojú pípọ́n ṣẹ́jú sí nọ́ọ̀sì pé kó múra. Nọ́ọ̀sì fẹ́ dìde, kò lè dìde: orí mi wà léjìká rẹ̀.

Ni dùùrù bá ké.

Mo ti wà ní ìdúró kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Mi ò wo ọ̀gá akọrin, mi ò wo ìwé. Ara mi mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ohùn tó jáde lẹ́nu mi jẹ́ ohùn ẹni tó ti sùn tẹ́rùn, ó mọ́, ó ga, kò gbọ̀n, ó kọjá lórí iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ bá ẹni ẹ̀yìn òpó. Ìyá mi gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì rọra jókòó padà, ó ń nu èjìká.

Níbi tí a ti ń bọ́ aṣọ akọrin, ọ̀gá dé bí ìjì.

"O sùn!"

"Mo kọrin, sà."

"O sùn kí o tó kọrin!"

"Ẹ̀yin lẹ ní bí mo bá sùn, mo ti pàdánù rẹ̀. Mo sì ti kọ ọ́ tán, sà. Èwo la tún fẹ́ gbà?"

Wọ́n fi aṣọ akọrin wọn kọ́ èjìká, wọ́n lọ. Ìyá mi dì mọ́ mi níta. "Ohùn rẹ dára púpọ̀, ọmọ mi. Ẹnu rẹ ni kó o máa pa dé."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ wọlé sórí fóònù mi. Ọ̀gá akọrin ni: "Ìwàásù tí ọkọ rẹ ní o fi ń sùn yẹn, mo ti pa á rẹ́ lórí tèmi. Fi ránṣẹ́. Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ojú pípọ́n! Àṣé àwọn náà kì í rí oorun sùn. Mo rẹ́rìn-ín títí ọkọ mi fi sá wá láti pálọ̀. Mo nu ojú, mo fi ọ̀wọ̀ dáhùn: "Ẹ káalẹ́, sà. Ta ló ni àdákọ Kérésìmesì?"

Wọ́n kà á. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan, wọ́n dáwọ́ dúró. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀rẹyìn: "Jẹ́ ká kọ́kọ́ sùn ná."

Ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣeré máa pẹ́ níbẹ̀. Mo gé ìwàásù náà sí méjì, mo fi apá tó gbẹ̀yìn ránṣẹ́ sí wọn. Bóyá ó ń múni sùn, bóyá kì í múni sùn, mi ò lè sọ. Mi ò gbọ́ débẹ̀ rí.