Pẹ́ẹ̀gì Onírin àti Ìró Ìyá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìwáyà, níbi tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà kì í ti í jẹ́ kí aṣọ ẹnikẹ́ni sinmi lórí okùn, mo ṣe pẹ́ẹ̀gì onírin kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ló ń fọ aṣọ ẹ̀yin ọmọ òde òní, òun náà ló sì ń gbẹ ẹ́, ẹ ò mọ ohun tí pẹ́ẹ̀gì lè jẹ́ fún ènìyàn. Ẹ jókòó dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn, eré kọ́ ni mo sì ń ṣe. Ìyá mi ni mò ń fi pẹ́ẹ̀gì wá.

Ayé ìjọba sọ́jà ni. Nǹkan le koko, gbogbo ẹni tó bá ti mọ iṣẹ́ kan dáadáa ló ń wá ọ̀nà àtilọ sí Òkè-Òkun. Ìyá mi jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó rí ọ̀nà lọ sí Ìlú Òyìnbó, ó sì fi mí sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin, ẹni tí mo ń pè ní Àǹtí. Sùúrùlérè la ń gbé. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ìró kan ló fi ṣe iṣẹ́ ilé kó tó wọ kóòtù ìrìn-àjò. Àǹkárá aláwọ̀ ìyeyè ni, ẹyẹ ọ̀kín búlúù ńláńlá ló wà lára rẹ̀, bí ìyá mi bá ró o jáde, láti ìdí òpópónà lẹ ti máa rí i. Ó ká ìró náà, ó kó o lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Máa fi bora. Bí o bá ti rí i, èmi náà lo rí yẹn. Mi ò ní pẹ́ dé.” Mo gbà á gbọ́. Ta ni ọmọ ìbá tún gbà gbọ́?

Kò pé ọdún kan tí onílé wa ní ọmọ òun fẹ́ gbé ìyàwó wọlé, kí á bá òun kó jáde. La bá kó lọ sí Ìwáyà. Àǹtí kọ lẹ́tà sí ìyá mi, ó kọ àdírẹ́sì tuntun sí i. Lẹ́tà lọ, èsì ò dé. Ó tún kọ òmíràn, pàbó. Ẹ rántí pé fóònù inú àpò ò tíì sí. Lọ́jọ́ kan mo wà lẹ́yìn ìsọ̀ Àǹtí ní Tejúoṣó, mo gbọ́ tó ń sọ fún obìnrin tí ìsọ̀ tiwọn jọ fara kanra pé, “Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá lẹ́tà yẹn tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bó bá dé lónìí, Sùúrùlérè ló máa forí lé.” Yéè! Mo rí ìyá mi lójú inú mi, ó ń kanlẹ̀kùn nílé tí a ò sí mọ́, ó sì ń padà lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti di tèmi nìkan. Àǹtí á ti lọ sọ́jà kí n tó bọ́jú tán, ìrọ̀lẹ́ ló máa ń dé. Kọ́kọ́rọ́ yàrá ló ń wà lọ́rùn mi. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, gbogbo ilé á dá páropáro, gbogbo ayálégbé ti jáde, èmi àti ìkòkò ọbẹ̀ la jọ máa ń sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbèrò pé màá máa sá ìró ìyá mi síwájú ilé, lórí okùn tó ti ara òpó fàráńdà lọ sí ara igi fúrúùtù tó wà létí títì. Bí ìyá mi bá gba àdúgbò wa kọjá, yóò rí ìró rẹ̀, yóò sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo wà. Ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo ilé ń sáṣọ sí. Ìyá kan ní yàrá kejì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ó ní, “Ṣé àsíá ìjọba lò ń ta síbẹ̀ ni?” Mò ń sá a lọ ní tèmi.

Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ni ọ̀tá mi. Pẹ́ẹ̀gì onígi á mu omi òjò, á wú, sípíríǹgì rẹ̀ á fò sínú koríko. Pẹ́ẹ̀gì oníke tí Àǹtí rà, oòrùn sá a títí ó fi ń ṣẹ́ bí ìpékeré. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo dé láti ilé ìwé, okùn ṣófo. Inú gọ́tà ni mo ti rí ìró náà, ó ti dúdú. Mo fọ̀ ọ́, mò ń sunkún. Kì í ṣe ìdọ̀tí ló ń dùn mí. Mò ń rò ó pé bó bá jẹ́ àsìkò yẹn gan-an ni ìyá mi kọjá ńkọ́?

Mo kọ́kọ́ kó píìnì irun Àǹtí, mo fi há ìró náà mọ́ okùn. Kò lágbára, ṣùgbọ́n ó là mí lóye. Mo rí i pé irin kan ṣoṣo tí a bá tẹ̀ dáadáa lè di nǹkan mú, láìsí igi, láìsí sípíríǹgì tó máa sá lọ. Mo wá wáyà tí àwọn bíríkìlà fi ń so irin, mo jókòó sí fàráńdà, mò ń fi ọwọ́ lásán tẹ̀ ẹ́. Ó gún mi, ẹ̀jẹ̀ jáde.

Bàbá àgbàlagbà kan ń gbé yàrá tó kángun sí ẹnu ọ̀nà. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, Bàbá Rélùwéè ni gbogbo ilé sì ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn odi, kì í sì í sọ̀rọ̀ kọjá kó dáhùn ìkíni. Ó dúró lé mi lórí.

“Kí lò ń ṣe yẹn?”

“Pẹ́ẹ̀gì ni, sà.”

“Pẹ́ẹ̀gì ti tán ní Tejúoṣó ni?”

Mo ní, “Rárá, sà. Wọn ò lè di ìró màámi mú ni. Bó bá já bọ́, màámi ò ní mọ ilé.”

Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Bàbá wò mí títí, ó yí padà, ó wọ yàrá rẹ̀. Mo rò pé inú ti bí i ni. Àfi bó ṣe jáde pẹ̀lú púláyà, hámà, ìṣó àti pákó kan, tó jókòó tì mí.

Ó ní irin tí kò bá ní ibi tí agbára rẹ̀ ń gbé, kò lè mú nǹkan. Ó kan ìṣó mọ́ pákó, ó ní kí n yí àárín wáyà po ìṣó náà lẹ́ẹ̀mejì, kó di òrùka. Òrùka yẹn ni ìdí pẹ́ẹ̀gì. Lẹ́yìn náà a ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ wáyà méjèèjì yọ ikùn díẹ̀, kí wọ́n gba orí ara wọn kọjá, kí orí wọn wá pàdé bí ètè. Bí ẹ bá fi ìka fún un níkùn, ẹnu rẹ̀ á là. Bí ẹ bá dá a sílẹ̀, á pa ẹnu dé. Ọjọ́ mẹ́rin la fi ń ṣe é tí kò bọ́ sí i. Ọ̀kan lanu jù, ọ̀kan ò tiẹ̀ lè lanu. Èmi ni mo sọ pé kí á ká ṣóńṣó wáyà padà sẹ́yìn kó má baà gún aṣọ. Bàbá wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nìyẹn. Ó ní, “Ẹnjiníà!” Láti ọjọ́ náà, orúkọ tó ń pè mí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ àṣìṣe wa o, àwa ẹnjiníà méjì. Ìgbà òjò ni, a fi wáyà lásán ṣe pẹ́ẹ̀gì, a ò rántí pé irin ń dógùn-ún. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àpá pupa bí ilẹ̀ fi jókòó sórí ẹyẹ ọ̀kín ìyá mi. Ìyá yàrá kejì ní kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ pa á, kí n sá a sí oòrùn gan-an. Àpá náà lọ lóòótọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà, mi ò mọ ohun tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, gbogbo àbàwọ́n tó bá kàn án, ọsàn wẹ́wẹ́ ni.

Báísíkù Bàbá Rélùwéè wà lára ògiri yàrá rẹ̀. Òun ló máa ń gùn lọ síbi iṣẹ́ nígbà kan, ìyàwó rẹ̀ ló sì máa ń gbé sẹ́yìn lọ́jọ́ ìsinmi. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ tó rí àpá pupa yẹn, ó gbé báísíkù náà dojú dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú sípóòkù, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ẹ ò ní lè gùn ún mọ́ o.” Ó ní, “Ta ni màá gbé?” Ó ń tú u lọ. Sípóòkù dára, ó ń dán, òjò ò rí i gbé ṣe, agbára rẹ̀ sì le. A ṣe mẹ́rin lọ́jọ́ yẹn. Bàbá wá kọ́ mi pé kí n máa ká igun ìró lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fi pẹ́ẹ̀gì mú un, kí irin má baà fà á ya, kó sì jẹ́ ibì kan náà ni kí n máa ká lójoojúmọ́. Afẹ́fẹ́ dé lọ́jọ́ kejì, ó jà, ó jà, ó gbọn ìró náà jìgìjìgì. Kò já bọ́. Mo jó yí igi fúrúùtù ká lémi nìkan.

Ohun tó le jù ni ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé aṣọ kì í sun ìta. Àǹtí kì í gbà á rárá, ó ní aṣọ tó bá sùn síta, a ò mọ ohun tó máa bá a sùn. Nítorí náà lójoojúmọ́ ni mo máa ń lọ ká a, bí mo bá sì ti ń fún pẹ́ẹ̀gì níkùn, mo mọ̀ pé tòní ti tán, ìyá mi ò wá. Lọ́jọ́ kan mo bi Bàbá bóyá ó máa wá ṣá. Ó ní, “Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba.” Lẹ́yìn náà ló kọjú sí títì. Àṣé òun náà ń wo ọ̀nà àwọn ọmọ tirẹ̀. Ọmọdé ni mí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ àgbà lẹ́kún. Mo kàn jókòó tì í ni.

Ogún ọdún ń bọ̀ wá dọ̀la, kí a má tíì sọ mẹ́wàá. Àwọn ará ilé Bàbá wá mú un lọ sí Ìjẹ̀bú nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́, ó sì fi agolo mílíìkì kan tó kún fún pẹ́ẹ̀gì ránṣẹ́ sí mi. Mo sunkún ọjọ́ yẹn ju ti ọjọ́ gọ́tà lọ. Lẹ́tà ìyá mi dé lẹ́ẹ̀mejì péré láàárín ọdún wọ̀nyẹn, wọ́n kúrú, Sùúrùlérè ni wọ́n kọ sí, onílé àtijọ́ ló ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí ìsọ̀ Àǹtí. Mo dàgbà, mo wọ Poli ní Yábàá, mo ṣì ń sá ìró náà. Ó ti di bárakú. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i, nítorí náà mi ò rí i pé ó ń ṣá.

Ìyá mi dé. Ọdún méjìlá ti kọjá. Ọ̀sán Sátidé ni, èmi nìkan ni mo wà ní fàráńdà. Onílé Sùúrùlérè ló júwe ìsọ̀ Àǹtí fún un, kò bá Àǹtí níbẹ̀, ẹnìkan lọ́jà sì mú un dé títì wa kí onítọ̀hún tó yà síbòmíràn. Mo rí obìnrin kan tó sanra, tó gbé báàgì, tó ń wo ilé kan, tó ń wo èkejì. Ó dé abẹ́ okùn. Ìró náà dí ojú ọ̀nà. Ó fi ìka méjì gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí aṣọ aláṣọ kan òun lára, ó tẹrí ba kọjá. Ó ní, “Ẹ káàsán o. Ẹ jọ̀ọ́, ilé àbúrò mi kan ni mò ń wá.”

Kò mọ ìró náà. Kò sì mọ̀ mí.

Mo ní, “Màámi.” Ó ju báàgì sílẹ̀, ó dì mọ́ mi, ó sunkún, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi náà sunkún. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, ojú mi wà lára okùn. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé oòrùn àti ọsàn wẹ́wẹ́ ti jẹ àwọ̀ ìró náà tán, ó ti funfun báláú, kò sí ìyeyè, kò sí ọ̀kín. Gbogbo ọdún tí mo rò pé mò ń pe ìyá mi, aṣọ funfun lásán ni mò ń sá.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, a ò mọ ohun tí a ó máa bá ara wa sọ mọ́. Mo dìde kí n lọ ká aṣọ, ó ní òun náà á ràn mí lọ́wọ́. Ó fún pẹ́ẹ̀gì kan níkùn, ó ní, “Èyí mà dára o, ta ló ṣe é?” Bó ṣe tú u, igun tí mo ti ń ká lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án là sí i lọ́wọ́. Níbẹ̀, nínú ìṣẹ́po tí oòrùn ò dé, kò ju èékánná lọ, ìyeyè wà, ṣóńṣó ìyẹ́ ọ̀kín búlúù kan sì wà. Ìyá mi wò ó. Ó wò mí. Ó tún wo okùn, ó wo títì. Ó yé e. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ igi fúrúùtù, ó fi igun aṣọ náà bo ojú.

A gbé pọ̀ lẹ́yìn náà, ó tọ́jú mi, mo tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí a rí gbà padà nínú ọdún méjìlá yẹn, kò ju èékánná náà lọ.

Ayé ti yí padà. Ọmọ mi wà ní Kánádà, gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mò ń rí ojú rẹ̀ nínú fóònù, kò sí ẹni tó nílò àsíá mọ́. Nígbà tó ń lọ, mo fún un ní pẹ́ẹ̀gì méjì. Ó ní òun fi ń pa ẹnu ọ̀rá gàrí dé. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ bí fóònù bá ti kú, ilé á tún dá páropáro bí ti Ìwáyà. Ìyá mi náà ti tún lọ, síbi tí a kì í kọ lẹ́tà sí. Pẹ́ẹ̀gì Bàbá ò dógùn-ún títí di òní.

Ẹ jẹ́ n dìde, ilẹ̀ ti ń ṣú, aṣọ kì í sun ìta. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣì máa ń sá ìró náà. Mo sì ń ká igun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.