Orí Ẹṣin Nínú Yàrá Ẹ̀yìn

Àbúrò ọkọ mi ni àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Agbárí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba orí ẹran tó ti kú, kó fọ̀ ọ́ títí yóò fi ku eegun nìkan, kó wá gbé e ka pákó fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́ ilé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí o bá bú u, á ní o ṣeun. Ilé kan náà la jọ ń gbé, kí ẹ wá béèrè òórùn yàrá ẹ̀yìn yẹn lọ́wọ́ mi!

Kì í se orí ẹran, ó ní omi híhó máa ń la eegun. Kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ kan ló ń sìn sínú àpótí. Àwọn ló ń bá a jẹ ẹran ara eegun tán. "Àwọn òṣìṣẹ́ mi" ló ń pè wọ́n.

Bàbá arúgbó kan gbé orí ẹṣin rẹ̀ tó kú wá. Ó ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́nà jíjìn, ọjọ́ Sátidé ni mọ́tò ń bọ̀. Ó ní, "Mi ò lè fi í sílẹ̀ síbí." Ọ̀gá Agbárí ní kó fọkàn balẹ̀.

Àfi bí ìyá ọkọ mi ṣe wá kí wa. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni Màmá ṣílẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, ó rí kòkòrò lórí ẹran, ló bá gbé oògùn ẹ̀fọn, ó fín gbogbo wọn pa.

Bí a ṣe dé, ó ké sí ọmọ rẹ̀, "Mo ti bá ọ pa wọ́n o!" Inú rẹ̀ ń dùn.

"Màmá, àwọn òṣìṣẹ́ mi lẹ pa yẹn."

"Òṣìṣẹ́ wo? Èyí tí kì í gbowó oṣù?"

Mo yáa fi ìborùn bo ẹnu. Ṣùgbọ́n nígbà tí Màmá gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá ẹlẹ́ṣin, ó ká ìró rẹ̀ sókè. "Gbé e wá. Ọwọ́ tó ti ṣa eegun ẹja fún odidi ọmọ mẹ́fà, ṣé orí ẹṣin ló máa dẹ́rù bà á?"

Tìyátọmọ rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, wọ́n ń fi ọ̀bẹ tín-ín-rín àti búrọ́ọ̀ṣì ha á. "Yí imú rẹ̀ síbí, ọ̀lẹ!" ni mò ń gbọ́ láti ilé ìdáná. Nígbà tó fi máa di Sátidé, ẹran ti tán lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rá ṣì wà nínú eegun, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú," Ọ̀gá Agbárí ń họ orí ara rẹ̀. "Kò tíì funfun."

Bàbá fọwọ́ ra iwájú orí ẹṣin náà, ó ra eyín rẹ̀. "Funfun kẹ̀? Nígbà tó wà láyé, ta ló ń bá a fọ eyín?"

Dírẹ́bà fẹ́ gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, bàbá kọ̀. Orí itan rẹ̀ ló gbé e lé.

"Jẹ́ n gbé e. Òun náà ti gbé mi tó."