Háká Èjìgbò àti Ẹni Tó Ní N Kò Mọ Ohùn Òun Mọ́

Lọ́jọ́ tí olè gba àkáǹtì orí fóònù mi, ìtàn bí olè ṣe ń gba àkáǹtì gan-an ni mo ń sọ lọ́wọ́. Mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Èjìgbò, mo ń tún fóònù bàbá ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ṣe, mo sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni gbówó ọ̀rọ̀. "Háká Kọ̀ǹpútà àti Fóònù" ni mo kọ sára pátákó ìta. Háká ni ẹni tó ń wọ inú kọ̀ǹpútà onílé láìkanlẹ̀kùn. Èmi ò wọ inú ti ẹnì kankan rí o. Kódà, mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà kọ̀ǹpútà ara mi rí, mo gbé e lọ sí Òṣogbo kí wọ́n bá mi ṣí i, mo sì sọ fún wọn níbẹ̀ pé oníbàárà ló ni ín. Orúkọ yẹn kàn dùn lẹ́nu ni.

Ìtàn àwọn gbajúmọ̀ háká ni mo fi ń mú oníbàárà dúró tí iná bá lọ. Màá sọ ti ará Amẹ́ríkà kan tó fi fèrè ọmọdé, èyí tí wọ́n ń fi sínú páálí oúnjẹ àárọ̀, tan ẹ̀rọ tẹlifóònù jẹ, tó fi ń pe ìlú òkèèrè lọ́fẹ̀ẹ́. Màá sọ ti akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ètò kékeré kan, tí ètò náà já mọ́ ọn lọ́wọ́, tó sì dá kọ̀ǹpútà aráyé dúró. Ọ̀gbẹ́ni náà padà di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ọkùnrin tí ọlọ́pàá lé títí. Ẹnu ló fi ń ṣe tirẹ̀ ju kọ̀ǹpútà lọ: á pe òṣìṣẹ́ lórí fóònù, á ṣe bí ọ̀gá wọn, wọ́n á sì fọwọ́ ara wọn kó àṣírí fún un. Nígbà tó ti ẹ̀wọ̀n dé, àwọn iléeṣẹ́ wá ń sanwó fún un kó máa bá wọn dán ìlẹ̀kùn wọn wò.

"Nítorí náà," èmi ọ̀mọ̀wé á wá là á mọ́lẹ̀, "ẹni tó bá pè yín tó ní ẹ ò mọ ohùn òun mọ́, olè ni. Ẹ pa fóònù!" Mo ti fi ohùn gba ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ nínú gúrúùpù wa lórí fóònù, níbi tí àwa tá a wà nílé àti àwọn èèyàn wa tó wà ní Àbíjàn ti ń bára wa sọ̀rọ̀. Èmi ni alámòójútó gúrúùpù náà.

Bàbá ládàánì ṣì ń mirí sí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n mi nígbà tí fóònù mi dún.

"Alóò! Ìwọ náà nìyẹn?"

"Èmi ni, sà. Ẹ káàárọ̀, sà."

"Áà! O ò mọ ohùn mi mọ́!"

Ẹni tí wọ́n bá tọ́ nílé wa á mọ ohun tó ṣe mí. Tí àgbàlagbà bá sọ báyìí, o ò gbọdọ̀ bi í pé ta ni. Àfi bí ẹni gbá a létí ni. Ohun tí ọmọ gidi máa ń ṣe ni kó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ nínú ọkàn, kí òógùn sì máa bọ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, sà. Àbí... Bàbá Bùwáké ni?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́?"

"Ẹ kú àtijọ́, sà! Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́?"

"Ó ti ń san díẹ̀díẹ̀."

Ẹ wò ó, mo fún un ní orúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mo fún un ní ìlú tí bàbá náà ń gbé lókè Àbíjàn, mo tún fi ẹsẹ̀ dídùn ṣe èènì. Ó ní àwọn ọmọ òun fẹ́ fi òun sínú gúrúùpù wa, pé nọ́ńbà kan ti ṣìnà wá sórí fóònù mi, kí n bá òun kà á. Mo kà á. Ó ní etí òun ò gbọ́ dáadáa mọ́, mo tún un kà, mo tiẹ̀ tẹrí ba lórí àga. Ó ṣàdúrà fún mi, mo ṣe àmín. Àṣé kọ́kọ́rọ́ àkáǹtì mi ni nọ́ńbà yẹn. Ká tó wí, ká tó fọ̀, fóònù ti lé mi jáde kúrò nínú gúrúùpù tí mo ń ṣe alámòójútó rẹ̀.

Bàbá ládàánì wò mí. "Háká, ṣé kì í ṣe irú ohun tó o ń sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn?"

Ìyá Télọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ló sáré mú fóònù tirẹ̀ wá, ó sì ka ohun tí olè náà ti fi orúkọ mi kọ sí Alhaja Ṣìfáwù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè páànù ilé rẹ̀ nínú gúrúùpù: "Alhaja, páànù ti dé. Ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì káfíńtà yìí kíákíá." Alhaja Ṣìfáwù sì ti dá a lóhùn pé òun ti ń lọ síbi tí wọ́n ti ń fowó ránṣẹ́.

Ọ̀rẹ́ ìyá mi láti kékeré ni Alhaja yìí. Kí wọ́n tó bí mi ló ti ń ta aṣọ nínú oòrùn Àbíjàn, ilé tó sì ń kọ́ sí ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn, èmi ló ní kí n máa bójú tó o. Òrùlé nìkan ló kù. Mo pè é lójú ẹsẹ̀. Ìpè láti Nàìjíríà kì í sábà gbé orúkọ jáde fún wọn lọ́hùn-ún, nọ́ńbà àjèjì ni wọ́n máa ń rí.

"Alóò, c'est qui?"

"Màmá, èmi ni! Ẹ má fowó yẹn ránṣẹ́ o!"

"Ìwọ ta ni?"

Ọlọ́run ló mọ ohun tó ṣe ẹnu mi. "Háà, Màmá! Ẹ ò mọ ohùn mi mọ́ ni?"

"Hẹ̀n-ẹ́n! Voleur! Olè! Ọmọ mi ti kìlọ̀ fún wa nípa yín. Jẹ́ kí n lọ sọ fún un."

Ó sì sọ fún un lóòótọ́. Ó fi ẹjọ́ mi sun olè nínú gúrúùpù, olè sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó má gbé ìpè mi mọ́, kó yára fowó ránṣẹ́. Mo ní kí Ìyá Télọ̀ bá mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé irọ́ ni. Kó tó kọ ọ́ tán, olè ti yọ òun náà dànù.

Ìyá mi nìkan ló kù tí Alhaja máa gbà gbọ́, Màsífà tó wà nítòsí wa ló sì ń gbé. N kò lè pè é, torí fóònù rẹ̀ ti wà lórí tábìlì mi tipẹ́, èmi háká ni mo ń bá a tún un ṣe. Mo gun ọ̀kadà. Mo bá a níbi tó ti ń bẹ gbágùúdá, mo sì ń sọ̀rọ̀ gátagàta. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó pè.

"Ìwọ olè yìí, o tún ti dé?" Alhaja ló fi bẹ̀rẹ̀.

"Ràbí ni, Ṣìfáwù."

"Ohùn lẹ máa ń jí báyìí. Tó bá jẹ́ Ràbí ni ẹ́, ta ló jábọ́ lórí igi àgbálùmọ̀ bàbá wa?"

"Ìwọ ọ̀dẹ̀ yìí náà ni! Aṣọ ọdún rẹ há sórí igi, o sì fi ṣẹ́mísì sáré wọlé lójú àwọn àlejò!"

Ẹ̀rín tó jáde látinú fóònù yẹn, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ ní ọjà. "Ràbí mi! Ìwọ ni! Ojú fèrèsé tí mo ti fẹ́ san owó ni mo wà yìí." Ó kó owó rẹ̀ padà sínú báàgì. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín èèpo gbágùúdá.

Òrùlé ti gun orí ilé báyìí. Nígbà tí Alhaja wá sílé Iléyá, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn: "Ẹ̀kọ́ tí ọmọ yìí kọ́ wa, gbogbo wa la gbọ́, àfi òun." Ẹnì kan di olókìkí nítorí fèrè, ẹnì kan nítorí ẹnu dídùn. Èmi náà ti lókìkí ní Èjìgbò: "Ohùn-Mi" ni wọ́n ń pè mí.

Láìpẹ́ yìí, Bàbá Bùwáké gan-an pè mí. Mo mọ ohùn yẹn, mo mọ ikọ́ tó ń tẹ̀ lé e.

"O ò mọ ohùn mi mọ́!"

Òógùn bò mí. "Rárá, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ta lẹ ń jẹ́?"

Inú bí wọn, wọ́n pa fóònù, wọ́n pe ìyá mi láti fẹjọ́ sùn pé ọmọ rẹ̀ ti ya aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ìyá mi bẹ̀ wọ́n. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Iṣẹ́ tó kọ sára pátákó ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ tán."