Ilẹ̀kùn Alájì

Káfíńtà ni ọkọ mi ní Kétu l'Ékòó nígbà yẹn. Kò tíì pẹ́ tí ìjọba ní kí mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì ọ̀nà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, àwọn àjèjì sì ń kọ́lé rẹpẹtẹ ní Ìkòsí. Àwa ń jókòó wo pákó. Ará Ọ̀yọ́, ìlú wa, nìkan ni ọkọ mi máa ń bá ṣiṣẹ́. Ó ní bí ará ilé bá yẹ àdéhùn, òun mọ bàbá tí òun máa fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú.

Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gba iṣẹ́ Alájì kan tí a ò mọ̀ rí. Alájì sanra gan-an. Ó ní òun ò fẹ́ máa fi ẹ̀gbẹ́ wọ ilé ara òun, kí ọkọ mi kan àwọn ilẹ̀kùn tó fẹ̀ ju ti gbogbo ayé lọ sí ilé tuntun òun. A fi gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ wa ra igi. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ṣọ́ọ̀bù yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, àárò rẹ̀ á sì sọ mí.

Iṣẹ́ parí, Alájì dé, ó ní ìdajì iye tí wọ́n jọ sọ lòun máa san.

"Ọ̀gá káfíńtà, bí mi ò bá gbà á, ta ló fẹ́ rà á lọ́wọ́ ẹ?"

Òótọ́ ló sọ. Kò sí ilé mìíràn tó lè gba ilẹ̀kùn yẹn. Ọkọ mi ò bá mi jà, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó kàn ní ká palẹ̀ ẹrù mọ́, ká máa lọ sílé, pé Èkó ò gba òun.

Mo ní ká kọ́kọ́ lọ sí kóòtù. Níbẹ̀, Alájì búra pé òun ò sọ pé kó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Adájọ́, bàbá àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní ká gbé ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn náà tẹ̀lé òun lọ sí ilé Alájì. Wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀. Ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Adájọ́ wo ilẹ̀kùn, ó wo Alájì láti orí dé ẹsẹ̀, mo sì rí i pé ẹ̀rín ń pa á. Ó ní kí Alájì san gbogbo owó náà pé. Alájì san án.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, àwọn ọkùnrin méjì tí Yorùbá wọn ò já gaara wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fẹ́ fèrèsé. Ọkọ mi mú okùn ìwọ̀n, ó fẹ́ tẹ̀lé wọn. Mo bi í pé:

"Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n ni?"

"Mi ò mọ̀ wọ́n. Ṣebí kóòtù wà."

Mo jókòó sórí pákó, mo sunkún. A ò padà sí Ọ̀yọ́ mọ́.