Èdè Faransé Ló Kọ́kọ́ Padà Sẹ́nu Màmá Mi

Àárọ̀ ọjọ́ ọjà ni. Màmá mi jókòó sẹ́yìn ilé wa ní Ẹ̀gùá, ó ń jọ gàrí tó yan lánàá. Èmi náà wà níbẹ̀, torí iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe ní Ìlaròó, tí a bá sì ti gba ọlidé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń sá wá. Ó ń bá mi wí pé mo ti rù jù, pé oúnjẹ tí mò ń dá sè fún ara mi kò lè gbé ọmọ ènìyàn ró. Láàárín ọ̀rọ̀ yẹn ni ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ń lọ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ tí òkèlè kún ẹnu rẹ̀. Mo gbójú sókè. Ajọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, gàrí ti dà sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ó ń wò mí. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Ó mọ̀ pé èmi ni mo dúró síwájú òun, ó sì mọ̀ pé nǹkan ti ṣe òun.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Àgbà, ló kọ́kọ́ gbọ́ igbe mi. Ó wò ó, ó sì ní ọta ni, pé ẹnì kan ló ta á sí i, pé ká gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó mọ̀ ọ́n tú ní abúlé kan lọ́nà oko. N kò bá a jiyàn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Tí wọn ò bá rí i ṣe níbẹ̀, ibi tí ẹ bá ní ká lọ la máa lọ.” Ló bá lọ wá mọ́tò. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé orí àbúrò rẹ̀ lé itan títí a fi dé Ìlaròó, nínú gbogbo kòtò ọ̀nà yẹn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Ó ti ní in lára tipẹ́ láìmọ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní Ìlaròó, wọ́n sì ní ká máa gbé e lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí wà. Dókítà tó gbà wá níbẹ̀ fi àwòrán náà hàn mí. Ó tọ́ka sí ibì kan lápá òsì ọpọlọ tó dúdú ju ìyókù lọ. Ó ní ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà débẹ̀, pé ibẹ̀ ló ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo bi í bóyá iyè ìyá mi ti ra.

Ó ní, “Rárá o. Ohun tí ẹ bá sọ ń yé wọn dé ìwọ̀n tó pọ̀. Ẹ má máa sọ̀rọ̀ lórí wọn bí ẹni pé wọn ò sí níbẹ̀.”

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí délé, mo sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá wá kí wa. Mo ti gbà á sílé mi ní Ìlaròó nígbà náà, kó lè súnmọ́ ilé ìwòsàn. Àwọn alábẹ̀wò a wọlé, wọ́n a bi mí pé, “Ṣé ó ti jẹun?” Èmi a ní kí wọ́n bi òun fúnra rẹ̀. Àwọn kan bínú. Ìyá mi kò bínú ní tirẹ̀; á kọjú sí wọn, á mi orí.

Ohùn kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀: tẹ. Tó bá fẹ́ mu omi, tẹ ni. Tó bá fẹ́ kí a ṣí fèrèsé, tẹ náà ni. Obìnrin tí gbogbo ọjà Ẹ̀gùá mọ̀ pé tó bá sọ̀rọ̀ níhìn-ín wọ́n ń gbọ́ ọ lọ́hùn-ún ni mò ń wí yìí. Òun ni ìyá ẹgbẹ́ àwọn onígàrí, òun ló ń parí ìjà wọn. Nígbà tí Bàbá Àgbà wá tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Fátíhà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, ìyá mi bá a kà á, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi ọ̀rọ̀ kan ṣìṣe. Omi bọ́ lójú wa. Mo rò pé wàhálà ti tán. Mo sáré bi í pé kí ló fẹ́ jẹ. “Tẹ,” ló wí. “Tẹ, tẹ.” Ló bá fi ọwọ́ òsì lu bẹ́ẹ̀dì, ó yí ojú sí ògiri.

Ọjọ́ tí nǹkan yí padà, mò ń wẹ̀ fún un ni. Kàn-ìn-kàn-ìn tuntun ni mo lò, mo sì ń fi gbogbo agbára fọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gbọn èjìká, ó ní, “Doucement.”

Mo dúró. Mo ní, “Ẹ ní kí ni, mà?”

“Doucement,” ó tún wí, ó mọ́ gaara.

N kò gbọ́ èdè yẹn rárá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti sọ mélòó kan sí i, n kò sì mọ ìtumọ̀ ọ̀kan nínú wọn. Alábẹ̀wò kan tó gbọ́ ọ nínú ilé wa jáde lọ sọ pé nǹkan mìíràn ló ń gba ẹnu ìyá mi sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dé Ẹ̀gùá kí ilẹ̀ tó mọ́. Bàbá Àgbà pè mí lórí fóònù. Ó ní ṣé mo rí i báyìí, pé òun ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ ìyá mi kan tó ń gbé Pòbẹ́, lódìkejì ibodè, ló tú àdììtú náà. Ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti ń bá ara wọn dòwò pọ̀. Ó wá kí i lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ó jókòó, ó gbọ́ ohun tí ìyá mi ń sọ, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di inú mú.

“Faransé ni,” ó wí fún mi. “Ó ní kí o rọra, pé o fẹ́ bó òun lára.”

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí ohun tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ tí n kì í rò. Kútọnu ni wọ́n ti tọ́ màmá mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ló mú un lọ síbẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì lọ síléèwé níbẹ̀ títí ó fi dàgbà tó ọlọ́mọge, kó tó padà wálé wá lọ́kọ. Faransé ló fi kọ́ ìwé, òun ló fi ṣeré pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwa ọmọ rẹ̀ kì í gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ àfi tó bá ń bá oníbàárà tó ti òdìkejì wá sọ̀rọ̀. Ó wá jẹ́ pé ìyá tó bí mi ń sọ èdè tí èmi ọmọ rẹ̀ kò gbọ́.

Obìnrin tó ń kọ́ ọ bó ṣe máa tún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lò nílé ìwòsàn kò tiẹ̀ jẹ́ kí ó yà á lẹ́nu. Ó ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ sáwọn tó gbọ́ ju èdè kan lọ, pé ọ̀kan lè ṣáájú èkejì padà, pé a kì í sábà mọ èyí tó máa ṣáájú. Ó ní kí a má bá Faransé náà jà. Kó máa sọ ọ́, kí ẹni tó gbọ́ ọ sọ Yorùbá rẹ̀ fún un, kí òun náà sọ ọ́ tẹ̀lé e. Ó tún ní kí a máa kọrin, torí pé orin àti ọ̀rọ̀ lásán kì í gba ọ̀nà kan náà nínú ọpọlọ. Ẹni tí kò lè sọ ọ́ lè kọ ọ́ lórin.

Báyìí ni ọ̀rẹ́ màmá mi ṣe di olùkọ́, tí èmi olùkọ́ di akẹ́kọ̀ọ́. Ó máa ń kọjá wá ní gbogbo ìgbà tí ọjà bá gbé e dé ẹ̀bá Ìlaròó. Èmi ń kọ́ Faransé kí n lè gbọ́ ohun tí ìyá mi ń fẹ́, ìyá mi ń kọ́ Yorùbá kó lè sọ ọ́ fún mi. Mo wá mú ohùn orin tó fi máa ń rẹ̀ wá lẹ́kún nígbà tí a wà ní kékeré, mo yọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kúrò, mo fi tuntun sí i: ẹ fún mi lómi mu, ẹ gbé mi dìde, ẹ ṣílẹ̀kùn. Àwọn ará àdúgbò tó bá gbọ́ wa láàárọ̀ á rò pé ilé wa ti di ìjọ. Ìyá mi ń fi ọwọ́ òsì lu ìlù orin náà sórí itan rẹ̀. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ a jáde. Nígbà mìíràn á kù díẹ̀ kó jáde, á padà wọlé, ìyá mi á sì bínú títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá àkọ́kọ́ tó sọ láì kọ ọ́ lórin, orí ọbẹ̀ ni. Mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

“Iyọ̀,” ó wí. Ó mí kanlẹ̀. “Iyọ̀ pọ̀.”

Mo dì mọ́ ọn tọwọ́ tẹsẹ̀. Kò bá mi yọ̀. Ó ń tì mí dànù, ó ń tọ́ka sí abọ́ ọbẹ̀. Àfi ìgbà tí mo bu omi sí ọbẹ̀ náà tí mo gbé e padà wá ló tó rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń rí ọ̀rọ̀ mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó rìn dé ìta, ó rìn dé ilé kejì. Nígbà tó pé ọdún kan ó lé díẹ̀, ó ní òun ń lọ sílé. Ẹ̀gùá ni ilé.

A kò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí a fi gbọ́ pé àwọn onígàrí fẹ́ yan ìyá ẹgbẹ́ mìíràn. N kò lè pè é ní ìwà ìkà. Obìnrin tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà ti wá kí wa ní Ìlaròó láìmọye ìgbà, kò sì wá lọ́wọ́ òfìfo rí. Ohun tí wọ́n rò ni pé ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ kò lè parí ìjà. Bàbá Àgbà gan-an ní kí ó fi sílẹ̀, kó sinmi. Ìyá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, “Mo ń lọ.”

Abẹ́ búkà ńlá tó wà nínú ọjà ni wọ́n ti ń ṣe ìpàdé. Mo bá a dé ibẹ̀, mo dúró lẹ́yìn. Igbákejì rẹ̀ dìde, ó kí i dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ara ìyá ló ṣe pàtàkì sí àwọn. Ìyá mi jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ló bá di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó dìde dúró.

Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Mo rí i tí ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ń lu orí ọ̀pá, mo mọ̀ pé ó ń fi orin wá ọ̀nà. Obìnrin kan níwájú fẹ́ bá a parí rẹ̀, ó ní, “Ẹ fẹ́ dúpẹ́ ni, mà?” Ìyá mi gbé ọwọ́ sókè sí i.

“Ẹ jẹ́... kí n sọ ọ́ tán.” Ó wá ọ̀rọ̀ tó kàn. “Ẹnu mi ló re àjò. Èmi ò re... ibì kankan. Mo wà níbí. Mò ń gbọ́ gbogbo yín.”

Kò jókòó. Ó wò yíká, ó ní òun gbọ́ pé àwọn kan ti ń lu ìdí kóńgò wọn wọnú kí gàrí tó ń gbà má baà pọ̀, àti pé orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń jà láti ìgbà tí òun kò ti sí nílé. Ó ní lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí kálukú gbé kóńgò rẹ̀ wá síwájú òun. Ọ̀rọ̀ Faransé kan bọ́ sí i láàárín, ó dúró, ó wá Yorùbá rẹ̀ títí ó fi rí i, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó tún bá a parí nǹkan kan. Nígbà tó jókòó, igbákejì rẹ̀ wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, “Ìyá wa, a ti gbọ́. A máa gbé kóńgò wá.”

Bàbá Àgbà dúró lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀kadà tó fẹ́ fi gbé e délé. Ìyá mi ní òun kò gun ọ̀kadà. Ẹsẹ̀ ni òun máa fi rìn já inú ọjà, kí gbogbo ènìyàn rí òun. Ó pẹ́ ká tó délé, torí ó ń dúró kí ẹni gbogbo, ó sì ń dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan. Èyí tí orúkọ rẹ̀ bá kọ̀ tí kò jáde, á dì í lọ́wọ́ mú títí orúkọ náà fi máa dé.

Ó ṣì ń darí ẹgbẹ́ náà títí di òní. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò tíì le tó ti tẹ́lẹ̀, ọwọ́ òsì ló ń fi jọ gàrí, ó máa ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ láàárọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an létí. Bàbá Àgbà náà ti lọ yẹ tirẹ̀ wò, ó sì ti ń lo oògùn. Tí mo bá lọ kí wọn, èmi àti màmá mi a máa fi Faransé sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn bàbá náà níṣojú rẹ̀, òun a sì máa bi wá pé kí là ń rín.