Ìkórè Tí Wọ́n Ní Kí N Dìde Nídìí Dùùrù

Ọjọ́ ìkórè gan-an ni wọ́n ní kí n dìde nídìí dùùrù. Mo dìde. Mo lọ jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn ìyá ọlọ́mọ, mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé ẹsẹ̀, ìka mi sì ń jó fúnra wọn. Tí mo bá rántí báyìí, ẹ̀rín ló máa ń pa mí, inú mi á máa dùn ṣìnkìn!

Látìgbà tí mo ti parí sẹ́kọ́ndìrì ni mo ti ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Iléṣà. Wọ́n ń sanwó fún gáàdì, wọ́n ń sanwó fún ẹni tó ń gbálẹ̀. Èmi, "Ọlọ́run á san án fún ẹ" ni wọ́n fi ń sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Mo wá fọ̀wọ̀ bi Bàbá Ìjọ bóyá wọ́n lè fi èmi náà kún àwọn tó ń gba owó oṣù. Àfi bí ẹni pé mo ní kí wọ́n ta agogo ṣọ́ọ̀ṣì!

Ẹni tí inú bí jù ni bàbá mi. Dádì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, àwọn sì ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìkórè.

"Ta ló jẹ ẹ́ ní gbèsè?" ni wọ́n bi mí nílé. "Torí pé èèyàn fẹ́ràn nǹkan, ó di dandan kí wọ́n máa bọ́ ọ? Èmi náà fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ta ló ń sanwó fún mi?"

Ìyá mi dá wọn lóhùn láti kíṣìnì. "Bàbá Fẹ́mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbá bọ́ọ̀lù tó já sínú ìkòkò ọbẹ̀ mi? Ẹ̀yin lẹ máa sanwó fún wa!"

Dádì ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní gbogbo orin ayé ló wà nínú fóònù, fóònù kì í sì í béèrè owó oṣù. Tí ìkórè bá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ láìsí èmi, a jẹ́ pé lọ́jọ́ Mọ́ńdè mà á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi ní ṣọ́ọ̀bù àbúrò wọn tó ń ta bátìrì ní Alẹ́kùwodò, l'Óṣogbo.

Bẹ́ẹ̀, Alẹ́kùwodò yẹn náà ni ẹgbẹ́ olórin kan ti ní kí n máa wá bá àwọn ṣe rìhásà ní Mọ́ńdè Mọ́ńdè. Dádì kì í fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Kúlà oúnjẹ kékeré kan wà nílé wa tí Dádì máa ń gbé lọ sí ọ́fíìsì láyé ọjọ́sí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi Fẹ́mi ríṣẹ́ tíṣà, Dádì fúnra wọn ló ń gbé e lé e lọ́wọ́ láràárọ̀. Èmi tí mò ń lọ rìhásà ńkọ́? "Oúnjẹ á wà nílé tó o bá dé."

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé iṣẹ́ wa díẹ̀. Ní ìkórè, ìdílé kọ̀ọ̀kan máa ń dá orin tiẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á wá jó lọ síwájú pẹpẹ. Ẹni tó ń dá orin ò ní bi ẹ́ léèrè ibi tó o fẹ́ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ó lè gbé ohùn sókè bí ẹni ń pe ọlọ́kọ̀, ó lè gbé e sílẹ̀ bí ẹni oorun ń kùn. Ìwọ onídùùrù lo máa wá a rí. Wíwá kíì là ń pè é. Tó o bá pẹ́ jù, wọ́n á máa wò ẹ́ bí ẹni tó fọ́ àwo ọ̀ṣọ́.

Àwọn ìdílé kan kọ́kọ́ kọjá. Orin tí Dádì ń fi fóònù gbé jáde nínú spíkà gba ọ̀tún, ohùn èèyàn gba òsì, ṣùgbọ́n wọ́n ṣáà ń jó. Ó ti ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ o! Mo ti ń rí ara mi nídìí bátìrì.

Ló bá kan ìdílé wa. Màmá Àgbà, ìyá Dádì, ló máa ń ṣíwájú. Orúnkún ń dùn wọ́n, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n á sinmi, wọ́n á mi èjìká, wọ́n á tó gbé ìkejì. Wọn ò tíì dé àárín ṣọ́ọ̀ṣì tí orin fóònù fi parí. Kí Dádì tó sáré débẹ̀, ìpolówó ti wọlé, obìnrin kan ń pariwo nínú spíkà: "Ṣé ara ń yún ọ?"

Ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Ìjọ fi ìwé orin bojú.

"Ta lara ń yún?" Màmá Àgbà fi ọ̀pá kanlẹ̀. "Mo wẹ̀ kí n tó jáde o!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà máa bọ̀, mò ń wá òmíràn." Òógùn ti bo Dádì.

"Kí n máa rìn lọ síwájú Olúwa bí ẹni ń lọ ra iyọ̀? Mi ò lọ. Ọmọ mi tó máa ń dúró dè mí dà?"

Mi ò dìde. Kì í ṣe ìgbéraga o. Mo mọ̀ pé tí mo bá dìde fúnra mi, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i, á ṣáà ṣe é náà." Ṣùgbọ́n ọ̀pá Màmá Àgbà ti ń gbọ̀n. Kí n tó mọ̀, mo rí Dádì níwájú mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n rọra sọ ọ́:

"Bùsọ́lá, dákun. Màmá mi ò lè dé pẹpẹ láìsí ẹ."

Eré ni mo sá débẹ̀! Màmá Àgbà dá orin wọn, kíì yẹn ò sí lókè, kò sí nílẹ̀. Mo tẹ ọ̀kan, kò bá a mu. Mo tẹ ìkejì, ó gbà! Wọ́n gbé ẹsẹ̀, mo gbé ìka. Wọ́n sinmi, mo fi ìka mọ́lẹ̀ síbẹ̀, mo jẹ́ kí ohùn dùùrù máa fà lọ. Wọ́n mi èjìká, mo bá wọn mì í. Nígbà tá a dé pẹpẹ, wọ́n ní àwọn ò tíì jó tán, wọ́n yí padà! Gbogbo ìjọ dìde. Dádì ń jó lẹ́yìn ìyá wọn, omi ń bọ́ lójú wọn.

Ìgbìmọ̀ jókòó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó pẹ́ kí Bàbá Ìjọ tó sọ fún mi pé Dádì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Mi ò tíì yí ohùn padà. A ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè torí pé ó fẹ́ràn orin. Ṣùgbọ́n ẹni tá a bá ní kó máa dúró dè wá, tí kò fi lè wá oúnjẹ lọ síbòmíì, àwa la jẹ ẹ́ lóúnjẹ." Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi mí kún àwọn tó ń gba owó oṣù.

Èmi ò tíì mọ ìkankan nígbà tí Dádì jí mi láàárọ̀ Mọ́ńdè.

"Dìde. Ọkọ̀ Òṣogbo ò ní dúró dè ẹ́ o."

Bátìrì! Mo wẹ̀, mo wọṣọ, mo jáde sí pálọ̀ bí ẹni ń lọ sílé ẹjọ́.

"Dádì, ta ni kí n béèrè tí mo bá dé ṣọ́ọ̀bù?"

"Ṣọ́ọ̀bù wo? Ṣé kì í ṣe òní ni rìhásà ni?"

Kúlà wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti nù ún, ó ń dán.

"Gbà. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ kì í jáde lọ́wọ́ òfo."

Mi ò ṣí i títí mo fi dé Òṣogbo. Mo gbé e lé ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀, ó gbóná dáadáa, ìka mi sì ń jó lórí ìdérí rẹ̀.