Omi Àlùwàlá Tó Pa Àwọ̀ Mi Rẹ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí kí n ròyìn ohun tí omi àlùwàlá fi ojú mi rí ní Kumasi!

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Asawase ni ilé wa, àlùfáà ọmọ Ìlọrin ni bàbá mi, èmi sì ń ka kẹ́mísírì ní yunifásítì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ayigya. Ọdún tí mo fẹ́ jáde ni, bàbá mi sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò! Bí iṣẹ́ àṣejáde mi bá kùnà ńkọ́?

Iṣẹ́ ọ̀hún rèé. Èròjà yẹ́lò kan wà tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ kò tó, àfi bí ẹni tébi ń pa. Fúlọ́ráìdì, irú tó máa ń wà nínú ọṣẹ ìfọyín, ní àníkún ní tirẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé nínú ásítóònì gbígbẹ, ìyẹn èyí tí kò ní ẹ̀kán omi kankan nínú, àwọ̀ àlùkò á yọ, èyí la ó fi mọ̀ pé fúlọ́ráìdì wà níbẹ̀. Ṣé ó yé yín?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó yọ! Mo pariwo, mo fò. Kwabena tí a jọ ń lo tábìlì kan ní lábù náà fò, kò tilẹ̀ mọ ìdí rẹ̀. Mo sáré lọ pe Màdáámù tó ń darí iṣẹ́ mi. Ó ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kí n ṣe é níṣojú òun, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ó di ọdún tó ń bọ̀.

Àkókò Àìlà tó. Mo ṣàlùwàlá, mo kírun, mo bẹ Ọlọ́run dáadáa, mo sáré padà. Màdáámù ti jókòó. Mo po wọ́n pọ̀. Àlùkò yọ, ló bá parẹ́ mọ́ mi lójú! Mo tún un ṣe, bákan náà ni. Òógùn bò mí.

Kwabena rọra sọ sí mi létí pé, "Chale, this your medicine, e no dey like prayer?" Ọ̀rẹ́ mi ń bi mí bóyá oògùn mi kò fẹ́ràn àdúrà ni.

Màdáámù kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé kí ni mo ṣe láti àárọ̀. Bí mo ṣe ń sọ pé mo lọ kírun ni omi kán láti ìgúnpá mi sórí tábìlì. Háà! Ìkánjú kò jẹ́ kí n nu apá. Àbí omi yìí ló ń kán sínú ohun tí mo ń pò?

Mo gbé tọ́ọ̀bù tàárọ̀, tó ṣì ní àwọ̀ àlùkò, mo kán omi sí i. Lójú ẹsẹ̀, ó di yẹ́lò! Àṣé fúlọ́ráìdì fẹ́ràn omi ju èròjà mi lọ. Ó rí omi, ó pa ẹni tébi ń pa tì.

Màdáámù dìde, ó pàtẹ́wọ́. "Ayekoo!" Bí wọ́n ṣe ń kí ni kú iṣẹ́ níbẹ̀ nìyẹn. Ó ní ohun tó lè tú àṣírí omi inú ásítóònì ni mo rí yẹn, kí n kọ ti fúlọ́ráìdì àti ti omi sílẹ̀, iṣẹ́ mi ti pé. Inú mi dùn débi pé mo gbé Kwabena jó!

Nílé, bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní Alhamdulillah, omi tó ń wẹ ẹ̀ṣẹ̀, ṣé àwọ̀ ni kò ní lè wẹ̀? Lọ́jọ́ kejì, ó ki táwẹ̀lì funfun kan bọ inú báàgì mi.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà o! Bí nǹkan bá ba iṣẹ́ yín jẹ́, ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa kí ẹ tó sunkún. Ẹ̀yin náà ńkọ́, ta ni ìkùnà ti gbé débi ayọ̀ rí? Ẹ sọ tiyín fún wa. Ní tèmi, táwẹ̀lì yẹn ti gbó, ó ti ya létí, àmọ́ òun náà ni mo fi nu apá mi láàárọ̀ yìí.